Bí a ṣe ń ka géèjì náítírójìn nígbà tí oòrùn bá mú

Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni mo ń ṣe ní Lawanson. Tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá páìpù ń jò, gáàsì náítírójìn la máa ń fún sí i, a ó ti gbogbo fáàfù pa, a ó sì fi í sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ tó bá di ọ̀sán, abẹ́rẹ́ géèjì tó ń ka prẹ́ṣọ̀ (bí gáàsì ṣe ń ti ara páìpù tó) á ti gòkè. Oníbàárà kan ní Bàrígà bi mí pé, “Ọ̀gá, ṣé gáàsì yìí ń bímọ ni?”

Kò bímọ. Iye tó wọlé láàárọ̀ náà ló ṣì wà níbẹ̀. Oòrùn ló pa páìpù lórí òrùlé. Kọ́pà máa ń fẹ̀ díẹ̀ nínú ooru lóòótọ́, àmọ́ kò tó ohun tí à ń kà, nítorí náà àyè tí gáàsì wà dúró lójú kan. Kò rí nǹkan tì síwájú, kò ṣiṣẹ́ kankan; gbogbo ooru tó gbà ló di agbára inú rẹ̀. Àwọn mólíkù rẹ̀ (àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di gáàsì náà) á wá máa sáré, wọ́n á máa gbá ara páìpù kíkankíkan, ni prẹ́ṣọ̀ bá gòkè. Kìlógíráàmù kan náítírójìn tí a sé mọ́nú irin ń fẹ́ nǹkan bíi júùlù (òṣùwọ̀n agbára) 743 kó tó fi digirí 1 gbóná sí i. Tí a bá jẹ́ kó máa fẹ̀ lábẹ́ prẹ́ṣọ̀ kan náà, á gbà tó 1,040, torí pé á máa ná ìyókù sórí títi ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti fún un tó 300 psi, ìyẹn òṣùwọ̀n prẹ́ṣọ̀ tó wà lójú géèjì (ẹ kọ́kọ́ wo iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà o), ẹ fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 15 kí ooru gáàsì àti ti páìpù lè dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí géèjì sọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ooru ara páìpù tì í. Ara páìpù ni mo wí, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́ ìta. Ẹni tó kọ prẹ́ṣọ̀ nìkan ò tíì kọ nǹkan kan.

Ká ní páìpù wà ní digirí Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì 26 laago 7 àárọ̀, tó sì di 41 laago 2 ọ̀sán. Ẹ fi 273 kún méjèèjì, torí láti òdo tó tutù jù lọ la ti ń ka ooru nínú ìṣirò gáàsì: 299 àti 314. Ẹ fi 14.7 kún 300 orí géèjì, torí géèjì kì í ka prẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Ẹ sọ 314.7 di ìlọ́po 314, ẹ fi 299 pín in: 330.5. Ẹ yọ 14.7 kúrò, ó ku nǹkan bíi 316. Ibẹ̀ ló yẹ kí abẹ́rẹ́ wà. Ẹni tó bá fo 273, tó kàn fi 41 àti 26 ṣírò, nǹkan bíi 482 ló máa bá pàdé, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí kò sọnù.

Èyí tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni géèjì tó ṣì wà ní 300 géérégé lọ́sàn-án. Oníbàárà á ní ó dúró dáadáa. Irọ́ ni, ó ń jò! Nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ti jáde. Ẹ gbé fọ́ọ̀mù ọṣẹ, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti so páìpù mọ́ra. Tí òjò bá sì dédé rọ̀ tí abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ má tíì tú nǹkan kan. Ẹ tún ooru wọ̀n, ẹ tún un ṣírò.

Ẹ má fi ìṣirò yìí ka R22 tàbí R410A, àwọn gáàsì tó ń mú ẹ̀rọ amúlétutù tutù, o. Èyí tó ti di olómi àti èyí tó ṣì jẹ́ gáàsì ló wà pọ̀ nínú wọn, tábìlì prẹ́ṣọ̀ àti ooru tiwọn lẹ ó wò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́síjìn rọ́pò náítírójìn torí owó: tó bá pàdé ọ́ìlì inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ó lè bú gbàù.

Tí apá kan páìpù bá wà nínú ilé, tí ìyókù wà lórí òrùlé, ooru wọn ò ní bára mu lọ́sàn-án. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìdájí ọjọ́ kejì. Tí ara páìpù bá ti padà sí 26, tí abẹ́rẹ́ sì padà sí 300, ẹ tú náítírójìn dànù, kẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ wá.