Ẹ yéé náwó sórí ankara: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì àti òfin ìpínlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó bí mi nínú kí n tó wí nǹkan míì. Ẹgbẹ́ onílé kan wá lọ́jọ́ tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pe aráàlú láti wá sọ̀rọ̀ lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀sì Coaster méjì, ankara aláwọ̀ ewé tuntun fínnífínní, onílù mẹ́ta, ẹni tó ń ya fọ́tò, ẹni tó ń ya fídíò, oúnjẹ nínú kúlà. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n síwájú, alága kọmítì fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, akọ̀wé wọn fi méjì kí àwọn èèyàn ńlá ńlá tó wà níjòókòó, ó wá fi ìyókù sọ pé "gọ́tà là ń fẹ́." Gọ́tà wo? Láti ibo dé ibo? Èló? Kò sí bébà kan lọ́wọ́ wọn. Owó tí wọ́n ná lọ́jọ́ yẹn ì bá ti ra sìmẹ́ǹtì àti irin tó máa gbé gọ́tà ọ̀hún dé ìdajì.

Mo ṣe PA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́, fún ọnọ́rébù kan fún sáà méjì gbáko. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo ń bá àwọn ẹgbẹ́ kọ mẹ́mò àti àbá òfin tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sílé ìgbìmọ̀. Ìpínlẹ̀ tó jẹ́, mi ò ní sọ, ibi gbogbo là ń dáná alẹ́. Mi ò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé iṣẹ́ abẹnugan àti iṣẹ́ gómìnà fún yín, ẹ ti mọ ìyẹn.

Èkíní: ẹ máa ń dé nígbà tí ọjà ti tú

Ẹ rò pé ilé ìgbìmọ̀ ló ń kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì. Rárá o. Ìwé òfin ọdún 1999, abala 121, sọ pé gómìnà ló máa gbé ìṣirò owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde lọ síwájú ilé. Kí gómìnà tó gbé e dé, ó ti pẹ́ táwọn tó ń mójú tó bọ́jẹ́ẹ̀tì ti kọ lẹ́tà sí gbogbo mínísírì pé kí wọ́n mú tiwọn wá, wọ́n sì ti sọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ kọjá. Àárín ọdún nìyẹn máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ tí ẹ̀yin ṣì ń bára yín jà lórí ta ló máa ṣe alága ẹgbẹ́. Tó bá fi máa di October tàbí November tí gómìnà á gbé e wá, ojú ìwé ti kún, ọnọ́rébù tó bá fẹ́ ki tiyín bọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ yọ ti ẹlòmíì, ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ tiẹ̀ náà kò sì sùn. Ẹ lọ bá ẹnjiníà tó wà ní mínísírì iṣẹ́ òde ní June. Ẹ mú àwòrán lọ, ẹ mú ìwọ̀n lọ, ẹ mú iye owó lọ. Ẹnjiníà ò nílò onílù.

Ìkejì, èyí tó ń dùn mí jù: owó inú bọ́jẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ síbí nítorí mo ti jẹ nínú ẹ̀, òun náà sì ti jẹ mí.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ohun tó ń wọlé pẹ̀lú ohun tí wọ́n fẹ́ yá gbọ́dọ̀ bá ohun tó ń jáde mu. Apá kan nínú ohun tó ń wọlé ń bọ̀ láti Àbújá lóṣooṣù, látinú àpò tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti káńsù jọ ń pín, níbi tí gbogbo ìpínlẹ̀ pa pọ̀ ti ń mú 26.72 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó epo fáwọn ìpínlẹ̀ elépo. Owó VAT, ìyẹn owó orí ọjà, wà lọ́tọ̀. Apá kan ni owó orí àti owó tí ìpínlẹ̀ ń pa fúnra ẹ̀, èyí tí a ń pè ní IGR. Ìyókù ni gbèsè àti owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń retí. Nínú gbogbo ẹ̀, ìlà IGR ló rọ̀ jù, ẹni tó bá fẹ́ lè fà á bí rọ́bà.

Ọdún kan, mo wà ní yàrá kọmítì ní aago méjì òru, mò ń bá wọn ro bọ́jẹ́ẹ̀tì lórí Excel. Gbogbo ọnọ́rébù ti ki iṣẹ́ tiwọn bọ̀ ọ́, títì níbí, ilé-ìwé lọ́hùn-ún, kànga ẹlẹ́rọ ní gbogbo igun, nígbà tí mo ro ó pọ̀, ìnáwó ti fi owó tó ń wọlé sílẹ̀ jìnnà réré. Kò sẹ́ni tó fẹ́ yọ tiẹ̀. Ni alága bá wò mí, ó ní, "Ìwọ tó o kàwé, wá bá wa mú un dọ́gba." Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo lọ sí ìlà IGR mo gbé e sókè díẹ̀, mo lọ sí ìlà gbèsè mo gbé ìyẹn náà sókè díẹ̀, mo tún un rò, ó dọ́gba gẹ́lẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi náà wú, mo rò pé ọlọ́gbọ́n ni mí. Bẹ́ẹ̀ mi ò fi kọ́bọ̀ kan kún àpò ìjọba o, kọ̀ǹpútà ni mo parọ́ fún.

Ọdún tuntun dé, owó wá bó ṣe máa ń wá. Àwọn gbèsè kan wà tó jẹ́ pé Àbújá ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kí owó tó délé rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì, epo jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì. Ohun tó bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ìkòkò ni wọ́n á fi ṣe títì àti gọ́tà. Tí owó ò bá wá pé, ẹ̀yin ni ẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, torí òṣìṣẹ́ tí ò gbowó oṣù á lọ dí géètì ìjọba, gọ́tà ò lè dí géètì ẹnikẹ́ni.

Ibi tó ti wá burú ni pé gọ́tà àdúgbò tèmi náà wà nínú àwọn iṣẹ́ yẹn. Èmi fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Mo lọ sọ ọ́ ní mítíìnì onílé, wọ́n dìde kí mi, wọ́n fún mi ní àga iwájú, màmá àgbà kan gbàdúrà fún mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọdún mẹ́rin ni gọ́tà yẹn fi ń jáde nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, iye owó ẹ̀ ń ga sí i lọ́dọọdún, típà iyanrìn kan ò já síbẹ̀ rí. Báyìí, tí òjò bá rọ̀ tí omi wọlé onílé, "Baba Bọ́jẹ́ẹ̀tì" làwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí. Mo sì ń dáhùn. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní "ó ti wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì", ẹ má tíì pa ewúrẹ́. Ẹ béèrè kóòdù iṣẹ́ náà, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi dá a mọ̀ nínú ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá béèrè bóyá wọ́n ti tú owó ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń gbé ìròyìn ìnáwó wọn sí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta báyìí, pàápàá láti ìgbà tí Báńkì Àgbáyé ti gbé ètò owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní SFTAS dé lọ́dún 2018 tí wọ́n ní ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ jẹ nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbé ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì síta. Dáta kékeré lẹ máa ná. Ẹ wo iye tí wọ́n ná gan-an, ẹ gbójú kúrò lára iye tí wọ́n kọ. Kí ẹ tún wo ìlà IGR: tó bá jẹ́ pé ogún ni wọ́n pa lọ́dún tó kọjá tí wọ́n wá kọ ọgọ́ta sí tọdún yìí láìsọ ibi tó ti ń bọ̀, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan tó jọ mí ló jókòó ti Excel lóru.

Àwọn kan á tún ní tí tiwọn ò bá wọlé, kí ọnọ́rébù wọn dá bọ́jẹ́ẹ̀tì dúró. Ẹ káre! Abala 122 gba gómìnà láàyè láti máa náwó lọ fún oṣù mẹ́fà tí ilé ò bá tíì parí iṣẹ́, kó má ṣáà ti kọjá ìwọ̀n tọdún tó kọjá. Ìjọba á máa rìn lọ ní tiẹ̀. Iṣẹ́ tuntun tí ò sí lọ́dún tó kọjá ló máa jókòó, ìyẹn tiyín.

Ìkẹta: Móṣọ̀n kì í ṣe òfin. Tí ilé bá ní "a rọ gómìnà pé kó ṣe báyìí", ìmọ̀ràn ni, gómìnà lè fi wé àkàrà.

Ìkẹrin: ẹ má lọ dáko sórí ilẹ̀ onílẹ̀

Bọ̀dá kan sanwó fún lọ́yà kó bá a kọ àbá òfin tí ìpínlẹ̀ á fi máa pinnu iye tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń ta dáta. Ìwé náà rẹwà, ó nípọn, wọ́n dì í bíi Bíbélì. Mo ní ẹ ṣí ìwé òfin, sà. Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù wà lára ohun 68 tó jẹ́ pé àwọn aṣòfin Àbújá nìkan ló láṣẹ lé lórí nígbà tí wọ́n kọ ìwé yẹn, òun àti ọlọ́pàá, báńkì, iye owó oṣù tó kéré jù. Abala 4 sì sọ pé tí òfin ìpínlẹ̀ bá kọlu èyí tí Àbújá ṣe bó ṣe tọ́, ti ìpínlẹ̀ ló máa wó. Ó bínú sí mi, ó ní Àmọ̀tẹ́kùn ńkọ́?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ Àmọ̀tẹ́kùn. January 2020 ni wọ́n ṣí i n'Íbàdàn, mínísítà ètò ìdájọ́ ìgbà yẹn ní kò bófin mu, ariwo ta. Lẹ́yìn tí wọ́n jókòó sọ ọ́ ni ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá padà sílé ìgbìmọ̀ tiwọn, wọ́n ṣòfin ẹ̀ lọ́dún yẹn náà, ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ ni wọ́n pè é, wọn ò pè é ní ọlọ́pàá. Ìṣọ́ra tí wọ́n ṣe nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni lọ́yà tìẹ ò ṣe, mo bá sọ fún un. Ìwé òfin yẹn náà ò sì dúró sójú kan. Láti 2023, ìpínlẹ̀ ti lè ṣòfin lórí iná mànàmáná kódà níbi tí wáyà àpapọ̀ dé, èyí tí wọn ò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ ra ìwé òfin tuntun, ẹ yéé lo èyí tí ẹ gbé jáde ní yunifásítì.

Ìkarùn-ún: Tẹ́ ẹ bá máa da òfin ìpínlẹ̀ míì kọ, ẹ ṣáà yọ orúkọ ìlú wọn kúrò. Mo ti rí àbá kan nílé tiwa tó ní kí wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí Ìkẹjà. A ò sí ní Èkó.

Ìkarùn-ún mìíràn, àbí ìkẹfà ni, ẹ bá mi kà á: ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé ń ka àbá òfin kó tó kọjá, ṣùgbọ́n ní kíkà àkọ́kọ́, orúkọ òfin nìkan ni wọ́n ń kà jáde. Kì í gba ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ yín létí àtẹ̀gùn pé òun máa bá yín sáré kíkà àkọ́kọ́, ó ti jẹ yín.

Mo ti pa nọ́ńbà tì, inú ń bí mi. Èyí tó kàn ni òfin tí kò lówó lẹ́yìn, àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún obìnrin àtọmọdé ló sì máa ń forí fá a jù, àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún dáadáa. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 àti òfin tó ta ko ìwà ipá síni ti 2015, Àbújá ló ṣe wọ́n, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti tún un ṣe nílé tiẹ̀ kó tó lè mú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ fi ọdún gbọọrọ rìn ín, bàtà já, ọjọ́ tí gómìnà fọwọ́ sí i ẹ jó, ó yẹ kẹ́ ẹ jó. Ṣùgbọ́n òfin kan ní kí kóòtù ẹbí wà, ìkejì ní kí òṣìṣẹ́ tó ń dáàbò bo ẹni tí wọ́n lù wà. Ta ló fi owó wọn sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì? Mo bi ẹgbẹ́ kan bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń kọ àbá òfin, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ kọ iye tó máa ná ìjọba lọ́dún àkọ́kọ́ sí ojú ìwé tó kẹ́yìn, kí ẹ sì gbé ojú ìwé yẹn lọ bá àwọn tó ń mójú tó bọ́jẹ́ẹ̀tì ní June, bíi tàwọn onígọ́tà.

Ẹ má sì ṣe pátì lẹ́yìn kíkà kẹta. Akọ̀wé ilé ṣì máa fi ẹ̀dà tó mọ́ ránṣẹ́, gómìnà sì ní ọgbọ̀n ọjọ́. Tó bá ní òun ò fọwọ́ sí i, ilé lè tún un gbé dìde, àmọ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀: 22 nínú 32 l'Ọ́yọ̀ọ́, 27 nínú 40 l'Ékòó. Ẹ ka orí àwọn ọnọ́rébù tó dájú pé wọ́n máa kọjú sí gómìnà fún yín, ẹ kà á sókè kétékété. Bẹ́ẹ̀ ni àkókò náà ń lọ. Ilé tó wọlé ní June 2023, June 2027 ló máa tú, àbá tí ò bá tíì kọjá máa bá a lọ, ẹ̀yin náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti a, b, d.

Gírámà tún kù. Ẹ kì í ṣe adájọ́. Abala 97 fúnra ẹ̀ gbà kí ilé fi èdè ìpínlẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì, Èkó sì ti ń fi Yorùbá jókòó lọ́jọ́bọ̀. Ẹ kọ mẹ́mò yín bí ẹni ń sọ̀rọ̀, ojú ìwé méjì, kí iye owó wà lójú ìwé àkọ́kọ́.

Àwọn aláǹkara aláwọ̀ ewé yẹn pè mí láàárọ̀ yìí. Alága wọn ní àwọn ti gba ìmọ̀ràn mi, pé tọdún tó ń bọ̀ yìí, kùtùkùtù làwọn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn, mo ní ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ ti rí ẹnjiníà? Ó ní rárá, aṣọ làwọn kọ́kọ́ fẹ́ rà kó tó wọ́n, ṣé búlúù ni kí àwọn mú àbí yẹ́lò.