Bó o ṣe lè gbé Houston láìra mọ́tò

Ọjọ́ kejì tí mo dé Houston, ní Texas lÁmẹ́ríkà, ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi pé níbí o, ẹni tí ò ní mọ́tò ò lẹ́sẹ̀. Wọn ò parọ́, ìlú yìí fẹ̀ jù, títì ńlá ló kún ibi gbogbo. Àmọ́ wọn ò sọ iye tí ẹsẹ̀ ọ̀hún ń jẹ lóṣooṣù fún mi: owó mọ́tò fúnra ẹ̀, ìnṣọ́ránsì tó máa ń wọ́n gan-an fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì, gáàsì, táyà, tọ́ọ̀lù. Ọdún kejì mi rèé, mi ò tíì rà á, mo sì ń dé ibi iṣẹ́ lásìkò.

Ilé ni kó o kọ́kọ́ wá dáadáa. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà, a ó lọ gba ilé tó rọjú lọ́nà Katy, ìlú kan lẹ́yìn Houston, níbi tí bọ́ọ̀sì ò sún mọ́, tó bá wá di oṣù kejì a ó ti jẹ gbèsè mọ́tò. Wá ilé létí títì tí bọ́ọ̀sì ti ń kọjá ní bíi ìṣẹ́jú 15 síra wọn, bíi Bellaire tí bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 2 ń gbà, Beechnut tó jẹ́ ti nọ́ńbà 4, tàbí Westheimer tó jẹ́ ti nọ́ńbà 82. Tó bá jẹ́ Medical Center, àdúgbò àwọn ọsibítù, lo ti ń ṣiṣẹ́, bíi ọ̀pọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti CNA (olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì) wa, bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 2 àti 4 dé ibẹ̀, o sì lè wọ réluwé Red Line láti ibẹ̀ lọ downtown, àárín ìlú.

Kó o tó sáìnì líìsì, fi ẹsẹ̀ ara ẹ rin ọ̀nà láti ilé náà dé bọ́ọ̀sì-stop láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Èmi wo máàpù lásán nílé àkọ́kọ́, máàpù ní ìrìn ìṣẹ́jú 12 ni dé bọ́ọ̀sì-stop, kò sọ fún mi pé kò sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, inú koríko etí kòtò ni mo ń gbà, bàtà funfun tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti di aláwọ̀ ẹrẹ̀ kí n tó débẹ̀.

Dọ́là 1.25 ni owó bọ́ọ̀sì, tó o bá fi káàdì san án o ní wákàtí 3 láti wọ òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, tó o bá fi kéèṣì san án o ti pàdánù ìyẹn. Àlọ àtàbọ̀ ọjọ́ 5 jẹ́ dọ́là 12.50. Nínú August, mú agboòrùn, omi àti ṣẹ́ẹ̀tì kejì dání, má ṣojú ayé rárá, oòrùn yẹn kì í mọ ẹni tó wọ suit.

Ìṣòro tó kù ni alẹ́. Tí shift ẹ bá ń parí láago 11, wo ìgbà tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ń kọjá, kó o sì bá ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ṣàdéhùn pé wàá máa dá sí owó gáàsì, Uber ni kó o fi pamọ́ de ìgbà tí ìyẹn bá yẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ṣọ́ọ̀ṣì: anti tó ń fi mọ́tò gbé mi lọ síbẹ̀ ò gbowó lọ́wọ́ mi, torí náà ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ni mo ń gbé fún wọn, torí ẹni tó ń wọ mọ́tò ọlọ́mọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́ títí, tó bá yá wọn ò ní gbé fóònù ẹ̀ mọ́.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ home health, ìyẹn títọ́jú aláìsàn nínú ilé wọn, lò ń ṣe, tó o sì ń lọ ilé 3 lóòjọ́, tàbí ọmọ ẹ ń lọ iléèwé tó jìnnà, jọ̀ọ́ ra mọ́tò, má fìyà jẹ ara ẹ nítorí ohun tí mo kọ.

Ṣùgbọ́n tó ò bá tiẹ̀ ra mọ́tò, gba láísẹ́ǹsì ná. Tí party bá wà ní Dallas, ìlú ńlá míì ní Texas, àwa 4 máa ń dáwó háyà mọ́tò fún wíkẹ́ẹ̀ǹdì. Kí n tó gbé e kúrò níbẹ̀, mo máa ń ya fídíò yí i ká, títí kan abẹ́ bọ́ńpà, torí lẹ́ẹ̀kan àwọn tó ń háyà mọ́tò fẹ́ gba owó ibi tí mọ́tò ti ha lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé.