Bí mo ṣe bá àbúrò mi múra JAMB sílẹ̀ kí wọ́n tó ti pọ́tà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń wọ SS3, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ ọjọ́ tí JAMB máa ti ìforúkọsílẹ̀, mi ò rí ẹni tó ń sọ pé ìwé kan máa ń dúró de ìwé kan, pé kẹ́ ẹ tó débi fọ́ọ̀mù yẹn gan-an, nǹkan bíi mẹ́ta mẹ́rin ti gbọ́dọ̀ parí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní àsìkò tiẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ ka Civil Engineering ní LAUTECH, yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó wà nílùú wa. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí là ń gbé, a ò sì lówó tá a máa fi gba ilé fún un ní ìlú míì, nítorí náà LAUTECH ló gbọ́dọ̀ jẹ́ fáàsì ṣọ́ìsì. JAMB sábà máa ń ta fọ́ọ̀mù láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejì, ṣùgbọ́n bí ilé ìwé ṣe wọlé nínú oṣù kẹsàn-án báyìí ni mo ti mú bébà, mo bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìdánwò mo ń kà á bọ̀ wá sẹ́yìn. Kó tó forúkọ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní profile code, ìyẹn nọ́ńbà tí JAMB máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ láti fi forúkọ sílẹ̀, kó tó ní profile code, NIN gbọ́dọ̀ wà, orúkọ orí NIN yẹn sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó máa wà lórí WAEC mu. Ibẹ̀ yẹn niṣẹ́ wà o.

Torí ohun tó bá wà lórí NIN ni JAMB máa gbé, orúkọ àti ọjọ́ ìbí, ẹ ò lè tẹ òmíì lé e. Nígbà tá a gbé e yẹ̀ wò, Wálé ló wà lórí NIN, bí màmá wa ṣe máa ń pè é nílé náà ni wọ́n ṣe pè é lọ́jọ́ tí wọ́n lọ ṣe é, Adéwálé ló wà níléèwé. Ẹ lè rò pé kékeré ni, kì í ṣe kékeré rárá. A wá ìwé ẹ̀rí ìbí jáde, a lọ búra ní kóòtù, a lọ tún NIN ṣe, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó bọ́ sí i. Ká ní oṣù kejì la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni, ọdún yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹ tètè yẹ̀ ẹ́ wò kí iléèwé tó fi orúkọ ránṣẹ́ sí WAEC, torí ẹ̀yìn ìyẹn ló máa ń le.

Profile code ò ní wàhálà. Ẹ tẹ NIN, ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ tẹ nọ́ńbà NIN yẹn tó jẹ́ dígíìtì 11, ẹ fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Náírà 50 ni wọ́n máa yọ. Síìmù ọmọ fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo ti oníkafé tàbí ti ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ padà sí Èkó, torí nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa so mọ́ ọmọ yẹn títí dìgbà tó máa yẹ rìsọ́ọ̀tì ẹ̀ wò.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni ti ìka. Nígbà ìsinmi, ó máa ń bá birikila kan ṣiṣẹ́ lọ́nà Under G, ó ń po kankéré, sìmẹ́ǹtì ti jẹ orí ìka ẹ̀ dán. Ìgbà tó lọ ra síìmù ní Tákìé ni ẹ̀rọ ò mú ìka ẹ̀, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, ẹ̀rọ ní kò rí nǹkan kan. Àyà mi já, torí ní JAMB, ìka ni wọ́n fi ń wọlé lọ́jọ́ ìdánwò, tí ìka ò bá ti wọlé, kò sí ìjókòó. Mo ní kó fi iṣẹ́ birikila sílẹ̀ láti ìgbà Kérésì. Lálaalẹ́ ni mo ń pọn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún un, á fi ọṣẹ dúdú fọwọ́, á wá fi òrí pa orí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, màmá wa á tún máa wò ó bóyá ilà ti ń hàn. Ó sì hàn. Nígbà tá a dé sẹ̀ǹtà ìforúkọsílẹ̀, gbogbo ẹ̀ wọlé, àtàǹpàkò ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n ní kó tún tẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà bíi pé òun ló fún wa ní ádímíṣọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣí ìforúkọsílẹ̀ la lọ, èrò ò tíì pọ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, àwọn ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ Orííre àti Sùúrùlérè tó wà nítòsí wa, gbogbo wọn á ti ya wọ Ògbómọ̀ṣọ́, iná lè lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á sì máa kánjú. Nílé la ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé lọ: Mátíìsì, Físíìsì, Kẹ́mísìrì, èyí tó máa bá Use of English rìn, torí a ti yẹ̀ ẹ́ wò lórí IBASS, ìkànnì tí JAMB fúnra wọn ṣe láti fi sọ iṣẹ́ tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Mọ́ọ̀kì náà, ìyẹn ìdánwò ìdánrawò tí JAMB máa ń ṣe ṣáájú, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa bi yín bóyá ẹ fẹ́ ẹ, ẹ ti pinnu ẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Kẹ́ ẹ sì ka ojú kọ̀ǹpútà yẹn dáadáa kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, tó bá ti lọ, owó lẹ máa fi tún un ṣe.

Ìdánwò tó ṣe tán kọ́ ni òpin o. Tí WAEC bá jáde, ẹ gbé e lọ sí sẹ̀ǹtà kí wọ́n fi sórí CAPS, ìkànnì tí JAMB àti iléèwé fi ń gba ọmọ wọlé, lọ́jọ́ náà gan-an, ọ̀pọ̀ ọmọ tó fi awaiting result forúkọ sílẹ̀ ló ń gbàgbé èyí, máàkì wọn á dáa, iléèwé ò sì ní rí nǹkan tó máa fi gbà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni pọ́sìtì UTME, àyẹ̀wò tí iléèwé fúnra ẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn ìdánwò JAMB, iléèwé ló ń dá ọjọ́ tiẹ̀, kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó tì í. A ti lọ gba ìwé ìjọba ìbílẹ̀ bàbá wa ní Ìrẹsà-Adú sílẹ̀, torí LAUTECH máa ń béèrè ẹ̀ kí wọ́n tó ka èèyàn mọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, owó iléèwé ọmọ onílé ò sì dọ́gba pẹ̀lú ti àlejò. Ó ti wà nínú fáìlì pẹ̀lú sílíípù, ìwé kóòtù àti pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì, lábẹ́ àpótí màmá wa. Àbúrò mi sì ti tẹ accept sí ádímíṣọ̀n ẹ̀ lórí CAPS, ní báyìí owó ìwọlé là ń wá.