Bí a ṣe ń mọ ohun tí MS dúró fún

Ẹ kọ "igba" sórí bébà láìfi àmì ohùn kankan sí i, kí ẹ fún ẹlòmíràn kà. Kò ní mọ̀ bóyá iye tí à ń kà ni, tàbí igbá, tàbí ìgbà, tàbí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, àfi bí ó bá rí àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni lẹ́tà méjì yìí, MS, ṣe rí. Orúkọ àìsàn ni, orúkọ oògùn ni, oyè ni, ọkọ̀ ojú omi ni, ìwé àfọwọ́kọ ni, ìwọ̀n àkókò sì ni. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á kọ́kọ́ béèrè pé "kí ni ìtumọ̀ MS?" MS fúnra rẹ̀ kò ní ìtumọ̀. Ibi tí a bá ti bá a ló ń fún un ní ìtumọ̀, ibẹ̀ náà la ó sì ti wá a.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rí "MSS" nínú ìwé kan, mo rò pé wọ́n ṣèèṣì tẹ S lẹ́ẹ̀mejì ni. Mo yọ ọ̀kan kúrò, mo sì tú èyí tó kù sí orúkọ àìsàn. Àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n fọwọ́ kọ ni wọ́n ń sọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó yẹ iṣẹ́ náà wò kó tó jáde. Àwọn ìgbésẹ̀ tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni mo ń tẹ̀ lé láti ìgbà náà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wo lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré

Ẹ má fojú fo èyí rárá. Nínú ìwọ̀n sáyẹ́ǹsì, m kékeré tó bá ṣáájú ìwọ̀n jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, M ńlá sì jẹ́ mílíọ̀nù kan. s kékeré ni ìṣẹ́jú àáyá. S ńlá ni siemens, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí iná mànàmáná ṣe ń ráyè gba inú nǹkan kọjá. Ẹ wá pa wọ́n pọ̀:

ms: ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan.
Ms: mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá.
mS: ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún siemens kan.
MS: mílíọ̀nù kan siemens.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí méjì àkọ́kọ́. Bí ojú bá ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ń gbà tó 100 ms tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n 1 Ms jẹ́ ọjọ́ 11, wákàtí 13, ìṣẹ́jú 46 àti ìṣẹ́jú àáyá 40. Gbogbo ohun tó mú kí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá di ohun tó ju ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀ lọ kò ju pé ẹnì kan tẹ lẹ́tà ńlá níbi tó yẹ kó tẹ kékeré. Lóòótọ́, a kì í sábà rí 1 Ms nínú ìwé, nítorí náà bí ẹ bá rí i níbi tí wọ́n ti ń sọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń yára dáhùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ms ni ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn.

Bí M bá jẹ́ ńlá, tí s jẹ́ kékeré, tí orúkọ ènìyàn sì tẹ̀ lé e, oyè obìnrin ni. Miss ń sọ pé obìnrin náà kò tíì lọ́kọ, Mrs ń sọ pé ó ti lọ́kọ, Ms kò sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìwé ìròyìn kan ní Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ti dá a lábàá láti ọdún 1901, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 1970 síwájú ló tó gbilẹ̀, nígbà tí àwọn obìnrin ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Ìwé ìròyìn New York Times kò gbà á wọlé títí di ọdún 1986. Mo fẹ́ràn oyè yìí nítorí pé ó fi ọ̀rọ̀ ilé obìnrin sílẹ̀ fún obìnrin láti sọ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ń tú u sí Yorùbá, ẹ má sọ ọ́ di "ìyàwó" ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo ohun tó so mọ́ ọn

Bí nọ́ńbà bá ṣáájú rẹ̀, bíi 20 ms, ìwọ̀n ni. Bí nọ́ńbà bá tẹ̀ lé e nínú ìwé ilé ìkàwé, ìwé àfọwọ́kọ ni: manu scriptus lédè Látìn, ohun tí a fi ọwọ́ kọ. MS 408 ni wọ́n ń pe ìwé àfọwọ́kọ Voynich ní yunifásítì Yale, ìwé kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì lè ka èdè inú rẹ̀ lọ́nà tí àwọn onímọ̀ gbà. Bí ìwé náà bá ju ọ̀kan lọ, wọ́n á fi S kún un, á di MSS. Bí àwọn olùkọ̀wé Látìn ṣe ń fi ọ̀pọ̀ hàn nìyẹn: wọ́n á kọ lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí ni mi ò mọ̀ lọ́jọ́ tí mo yọ S kúrò.

Bí ìlà dídábùú bá wà láàárín, ẹ wo lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. m/s jẹ́ iye mítà tí nǹkan ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. M/S jẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó ń lo ẹ́ńjìnnì bíi ti dísẹ́ẹ̀lì, yàtọ̀ sí SS tó ń fi agbára ooru omi rìn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í fi ìlà náà sí i, orúkọ ọkọ̀ ni yóò sì fi hàn yín: MS Estonia ni ọkọ̀ tó rì sínú òkun Baltic ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1994, tí ènìyàn 852 bá a lọ.

Bí orúkọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá tẹ̀ lé e, bíi MS-DOS ti ọdún 1981 tàbí MS Word, Microsoft ni. Bí GC tàbí LC (gas chromatography tàbí liquid chromatography, ọ̀nà tí wọ́n fi ń ya èròjà sọ́tọ̀) bá ṣáájú rẹ̀, ẹ̀rọ yàrá àyẹ̀wò tó ń fi ìwúwo mọ èròjà inú nǹkan ni wọ́n ń sọ, mass spectrometry.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ béèrè pé ta ló kọ ọ́, ta ló sì kọ ọ́ fún

Bí ó bá wà lẹ́yìn orúkọ ẹni tó kàwé, oyè másítà nínú sáyẹ́ǹsì ni. MS làwọn ará Amẹ́ríkà sábà ń kọ, MSc làwọn ará Bìrìtìkó ń kọ. Bí ó bá wà nínú ìwé àwọn tó ń ra ìpín ilé iṣẹ́ ní New York, Morgan Stanley, ilé iṣẹ́ ìdókòwò, ni. MSFT ni Microsoft ń jẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá sì gbé owó lé MS pẹ̀lú èrò pé Microsoft lòun ń rà ti ra ohun tí kò rò.

Ilé ìwòsàn ni ibi tó yẹ kí a ti fara balẹ̀ jù lọ. Ó kéré tán, ohun mẹ́rin ni MS lè jẹ́ níbẹ̀. Ọ̀kan ni multiple sclerosis, àìsàn tí agbára tó yẹ kó máa gbèjà ara fi ń kọlu awọ tó bo àwọn okùn iṣan inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Jean-Martin Charcot, dókítà ará Faransé, ló ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké ní Paris ní ọdún 1868. Èkejì ni mitral stenosis: ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá méjì apá òsì ọkàn ti há, ẹ̀jẹ̀ kò ráyè kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ̀kẹta ni morphine sulfate, oògùn ìrora líle, tó lè mú kí èémí rọlẹ̀ bí ó bá pọ̀ jù. Ẹ̀kẹrin ni magnesium sulfate, tí wọ́n ń fún aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru gidigidi kí gìrì má bàa gbé e.

Ẹ wò ó bí ìlà kan péré ṣe lè rí nínú fáìlì aláìsàn: "Pt w/ MS. MS 2 mg IV." Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Pt ni aláìsàn, w/ ni "pẹ̀lú", nítorí náà MS àkọ́kọ́ jẹ́ ohun tó ń ṣe é. MS kejì ní ìwọ̀n lẹ́yìn, IV sì ń sọ pé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni kó gbà wọlé, nítorí náà oògùn ni. Èwo nínú oògùn méjèèjì? Mílígíráàmù tọ́ka sí mọ́fíìnì, nítorí gíráàmù ni wọ́n sábà fi ń wọn magnesium tí wọ́n ń fún aláboyún. Àìsàn ńkọ́? Bí àwòrán ọpọlọ bá wà nínú fáìlì, multiple sclerosis ló ṣeé ṣe jù. Bí wọ́n bá kọ̀wé nípa ìró ọkàn, ti ilẹ̀kùn ọkàn ni.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, àbá ni. Ẹni tó fẹ́ gún abẹ́rẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi àbá ṣiṣẹ́. Nítorí irú ìlà yìí ni Joint Commission, àjọ tó ń fọwọ́ sí àwọn ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, ṣe kó MS, MSO4 (morphine sulfate) àti MgSO4 (magnesium sulfate) sínú àwọn àgékúrú tí wọ́n kà léèwọ̀ ní ọdún 2004. Kí dókítà kọ orúkọ oògùn náà tán ni wọ́n sọ. Bí ẹ bá rí MS nínú ìwé oògùn yín tàbí ti ẹni tí ẹ ń tọ́jú, ẹ bi nọ́ọ̀sì tàbí ẹni tó kọ ọ́ léèrè pé kí ni, kí ẹ sì jẹ́ kó dá orúkọ náà pè lódindi. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wo ibi tó ti wá

Lẹ́yìn orúkọ ìlú nínú àdírẹ́sì Amẹ́ríkà, Mississippi ni. Ìpínlẹ̀ mẹ́jọ ni orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú M níbẹ̀, ó sì rọrùn láti ṣi Mississippi mú mọ́ Missouri, tó ń jẹ́ MO. Ní Brazil, ìpínlẹ̀ Mato Grosso do Sul ni. Ní ìparí àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì, .ms jẹ́ ti erékùṣù Montserrat, ṣùgbọ́n nínú àkójọ àgékúrú èdè, ms ni èdè Malay.

Ẹ rántí pé àgékúrú kì í bá ọ̀rọ̀ rìn láti èdè kan sí òmíràn. Àìsàn tí à ń pè ní MS, SEP làwọn Faransé ń pè é, EM sì làwọn tó ń sọ èdè Spain ń kọ. Ẹni tó bá ń wá "MS" nínú ìwé dókítà tó kọ Faransé lè wá a títí kó má rí i.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi odindi ọ̀rọ̀ rọ́pò rẹ̀, kí ẹ kà á sókè

Bí ẹ bá ti yan ìtumọ̀ kan, ẹ yọ MS kúrò nínú gbólóhùn náà, kí ẹ fi ohun tí ẹ yàn síbẹ̀, kí etí yín gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo tí MS ti jáde nínú ìwé náà. Ibi kejì tàbí ìkẹta ni àṣìṣe ti sábà máa ń tú jáde. Ká ní mo ti ṣe èyí lọ́jọ́sí ni, ìlà kejì ìwé náà ìbá ti sọ fún mi pé àìsàn kì í ní ojú ewé.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń kọ̀wé

Ẹ kọ ọ́ tán nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ fi àgékúrú rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí ẹ tó máa lo àgékúrú nìkan. Bí ohun méjì tó ń jẹ́ MS bá wà nínú ìwé kan náà, ẹ má gé èkejì kúrú rárá. Bí ó bá sì jẹ́ oògùn ni, ẹ má gé ọ̀kankan kúrú.