Bí màmá yín bá ń pẹ́ kí wọ́n tó ka ṣẹ́ńjì

Èlùbọ́ ni màmá mi ń tà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, wọ́n sì ti pé ọdún 74. Ẹ ra kóńgò méjì ní 2,200 kọ̀ọ̀kan, ẹ na 5,000 sí wọn: ṣẹ́ńjì 600 yín ò ní dín, àmọ́ ẹ máa dúró díẹ̀. Oníbàárà kan sọ níṣojú mi pé màmá ti ń gbàgbé. Irọ́ ni. Ìṣirò ò sọnù, ọ̀nà tó ń gbà ló ti di gbágungbàgun.

Okùn tín-ín-rín ló so apá kan ọpọlọ mọ́ ìkejì. Ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní myelin bo púpọ̀ nínú wọn bí rọ́bà ṣe ń bo wáyà iná, òun ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ yára kọjá. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, ọ̀rá yìí a máa ṣá. Ẹ̀jẹ̀ ríru tún máa ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ ibẹ̀ jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ ríru ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ṣe ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni mo ń fi ẹ̀rọ sí wọn lápá. Á ga, àyà mi á já. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ kanlẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà. Oògùn wọn, ẹ má jẹ́ kó tán kí ẹ tó ra òmíràn.

Ìdánrawò ló kàn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó àgbàlagbà 2,832 jọ fún ìwádìí ìdánrawò ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní ACTIVE. Àwọn tí wọ́n kọ́ bí ọpọlọ á ṣe máa yára ṣiṣẹ́ yá sí i nínú irú iṣẹ́ tí wọ́n fi kọ́ wọn gan-an, àmọ́ ìrántí wọn ò tìtorí ẹ̀ yí padà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi wá géèmù kankan kiri; ṣẹ́ńjì kíkà fúnra rẹ̀ la fi ń dánra wò. Nírọ̀lẹ́, èmi ni oníbàárà: "Màmá, kóńgò mẹ́ta, 7,000 rèé." Abẹ́ tábìlì ni mo ti ń wo aago fóònù. Lọ́jọ́ tí mo gbé e sójú wọn, ìkà ni wọ́n pè mí, wọ́n sì ṣì í kà. Lẹ́yìn náà, ayò, ọmọ 48 nínú ihò 12. Mi ò pe ìyẹn ní oògùn o. Wọ́n ṣáà ń pa mí láyò ni.

Bó bá jẹ́ pé òjijì ni wọ́n falẹ̀, tí ẹnu wọ́ tàbí tí ọwọ́ kan rọ, ọsibítù ni, lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó le jù fún èmi: ẹ má dáhùn fún wọn. Bí oníbàárà bá ń kánjú, ẹ fún un ní àga. Sátidé tó kọjá, mo ti lanu pé "400." Màmá gbá mi lẹ́sẹ̀: "Ta ló ni ìsọ̀?"