Mo Fi Ọdún Méjì Sùn ní Ìjókòó

Láti ìparí ọdún 2021 títí di ọdún 2023, mi ò fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ìrọ̀rí mẹ́rin ni mo máa ń tò sí ara ògiri, n ó fara tì wọ́n, n ó sì máa tòògbé bí ẹni tó wà nínú mọ́tò. Bí mo bá ṣèèṣì yọ̀ kúrò lórí wọn lóru, omi kíkan á rọ́ láti inú ikùn gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun mi, á ta mí bí ata, ikọ́ á sì gbé mi dìde. Nígbà míì á gba imú mi jáde. Bàbá àwọn ọmọ mi á dìde, wọ́n á bu omi wá, wọ́n á máa fọwọ́ pa mí lẹ́yìn títí ikọ́ náà á fi rọlẹ̀. Bí alẹ́ ṣe ń rí nílé wa ní Ìsánlú nìyẹn.

Iṣẹ́ abẹ kan tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀ ló fà á. Ní ọdún 2019, mo ṣe sleeve, iṣẹ́ abẹ tó ń mú kí èèyàn tó sanra jù fọn, ní Èkó. Kílò 138 ni mo wọ̀n nígbà náà, àtọ̀gbẹ ti ń yọjú, orúnkún mi kò sì gbà kí n dúró kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé fún wákàtí kan mọ́. Wọ́n gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù mi kúrò, ìyẹn àpò tí oúnjẹ máa ń bọ́ sí, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ ní gbọọrọ, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Apá tí wọ́n gé yẹn náà ló máa ń pèsè ọ̀pọ̀ nínú èròjà tó ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pani. Ó ṣiṣẹ́ fún mi, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Láàárín oṣù mẹ́rìnlá mo ti bọ́ sí kílò 94, ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi sì wálẹ̀.

Àmọ́ àpòlúkù tó ti di tẹ́ẹ́rẹ́ kì í fẹ̀ bí ti àtijọ́. Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, òun ló ń pinnu ìgbà tí oúnjẹ máa kọjá sínú ìfun. Nítorí náà, bí nǹkan bá ti fún mọ́ ọn nínú, òkè ló máa ń sá sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn. Mo lo omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ó di ẹ̀ẹ̀mejì. Mo fi búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹsẹ̀ ibùsùn níbi orí. Mo ń jẹun alẹ́ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Pàbó ló já sí.

Láàárín àkókò yẹn ni mo tún wọ̀n padà dé kílò 103. Ohun tí àwọn èèyàn rí nìyẹn. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń sọ ọ́ lọ́jà, pé owó tí mo ná ti wọgbó, pé ẹnu mi ni mi ò lè kó níjàánu. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò rí mi lóru. Wàrà tútù àti bisikíìtì nìkan ni kì í ta mí lọ́fun, nítorí náà òun ni mo ń jẹ, òun náà ló sì dá kílò mẹ́sàn-án padà sí mi lára. Mo ń kọ èyí nítorí ẹni tó wà nínú irú ipò yẹn báyìí tí ojú ń tì í láti padà lọ bá dókítà, tó ń rò pé òun ló jẹ̀bi.

Èmi padà lọ, ní Àbújá. Wọ́n ti ẹ̀rọ tín-ín-rín olójú kámẹ́rà bọ ọ̀nà ọ̀fun mi, wọ́n sì fún mi ní omi kan tó funfun bí ẹfun mu kí wọ́n tó ya àwòrán. Wọ́n fi àwòrán náà hàn mí: ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun mi ti là pupa pupa, ó ti di egbò. Òkè àpòlúkù mi sì ti yọ́ gba ihò inú iṣan tó pààlà sáàárín àyà àti ikùn. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Ó ní bí omi kíkan bá ń jó ibẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ara ọ̀nà ọ̀fun lè yí padà, nínú àwọn kan ó sì lè di jẹjẹrẹ.

Ó mú bírò, ó ya bypass, iṣẹ́ abẹ mìíràn tó fẹ́ ṣe fún mi, sórí ìwé. Wọ́n máa fi òkè àpòlúkù ṣe àpò kékeré kan tí kò gbà ju nǹkan bí mílílítà 30 lọ. Wọ́n á gé ìfun kékeré, wọ́n á gbé apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá so mọ́ àpò yẹn kí oúnjẹ máa gba ibẹ̀ kọjá. Àpòlúkù tó kù kò ní rí oúnjẹ mọ́, àmọ́ wọn ò ní yọ ọ́. Omi tirẹ̀ àti òróòro á gba ìfun tiwọn lọ, wọ́n á sì pàdé oúnjẹ nísàlẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Kogí ni mí, ó ní, "Màdáámú, ẹ sáà ti mọ Lọ́kọ́ja. Bí Odò Ọya àti Benue ṣe ń wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n fi pàdé, bó ṣe máa rí nínú yín nìyẹn." Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Àpò kékeré yẹn kì í pèsè omi kíkan púpọ̀, òróòro náà sì ti jìnnà sí ọ̀nà ọ̀fun.

Mo bi í bóyá nǹkan tuntun ni. Ó ní ọdún 1966 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Edward Mason bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tó kíyè sí i pé àwọn tí wọ́n gé lára àpòlúkù wọn nítorí ọgbẹ́ inú máa ń fọn. Ọdún 1978 ni wọ́n bí mi. Ọkàn mi balẹ̀ pé iṣẹ́ náà ti wà kí n tó dé ayé. Àmọ́ ó kìlọ̀ fún mi pé iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ nítorí àpá tó ti wà nínú, àti pé kí n má retí kí n fọn tó ti ìgbà àkọ́kọ́. Mo ní bí mo bá ti lè sùn, ó tó.

Owó náà pọ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa yá mi lára rẹ̀, owó kajú ọdún yẹn náà wọ̀ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, mi ò fẹnu kan iyán, gàrí, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì, kí ẹ̀dọ̀ mi lè sún kì, kó má bo ibi tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ sí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé áyọ́ọ̀nù (iron), èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, kéré lára mi, wọ́n sì kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn. Ihò kéékèèké márùn-ún ni wọ́n lu sí ikùn mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni nọ́ọ̀sì ní kí n dìde rìn. Mo rìn, mo di ọ̀pá omi mú, omijé ń bọ́ lójú mi. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n tún dì í fún mi lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Kubwa, nítorí wọn ò fẹ́ kí n jókòó pẹ́ nínú mọ́tò. Nígbà tí a wá ń bọ̀ nílé, a dúró ní Lọ́kọ́ja, a dúró ní Kàbà, mo ń sọ̀ kalẹ̀ rìn ká.

Ní Kubwa yẹn, ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo jí ní aago mẹ́rin òru, mo rí i pé mo ti yọ̀ sílẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Ẹ̀yìn mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹrẹsẹ. Kò sí ikọ́, kò sí ohun tó ta mí. Mi ò lè sùn mọ́ nítorí ayọ̀. Mo kàn dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Oúnjẹ wá kù. Àkọ́kọ́, omi àti omi ẹran tí wọ́n sẹ́ ọ̀rá rẹ̀ dànù, ẹnu kan lẹ́yìn ẹnu kan. Lẹ́yìn náà wàrà olómi tí kò ní ṣúgà, ọbẹ̀ ẹja tí a lọ̀ kúnná nínú bíléńdà. Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún ló kan ẹyin rírọ̀ àti mọ́ínmọ́ín, ṣíbí mẹ́ta, mẹ́rin. Ó tó oṣù méjì kí n tó jẹ ohun tí ara ilé ń jẹ. Títí dòní, amáratuntun, ìyẹn protein, ni mo máa ń kọ́kọ́ jẹ: ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, ẹran tí mo gé wẹ́wẹ́. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀. Nǹkan bíi gíráàmù 60 sí 80 lójúmọ́ ni wọ́n ní kí amáratuntun mi máa jẹ́, kò sì rọrùn pẹ̀lú àpò kékeré. Mi ò ń mu omi mọ́ oúnjẹ. N ó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n tó mu.

Iyán ló dá wàhálà sílẹ̀. Nílẹ̀ Ìyàgbà, ta ló máa gún iyán fún ọ tí wàá ní o ò jẹ? Ìyá ọkọ mi gún un ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wá kí mi, ti ègúsí, ti ẹran ìgbẹ́. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú." Wọ́n dákẹ́, wọ́n gbé abọ́ wọn kúrò níwájú mi. Mo mọ̀ pé ó dùn wọ́n. Lọ́jọ́ kejì mo mú wọn lọ sí ilé ìdáná, mo mú ìdérí ìgò oògùn ikọ́ tí a fi ń wọn oògùn fún ọmọdé, mo bu omi sí i ó kún, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Mo ní, "Màmá, bí ikùn mi ṣe tóbi tó nìyí." Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Báwo lo ṣe wá ń ṣe é, ìyàwó mi?" Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ń bọ̀, ẹja yíyan ni wọ́n máa ń dì wá fún mi. Mo ti lè jẹ òkèlè iyán méjì báyìí, kéékèèké, bó bá rọ̀ dáadáa. Bí mo bá kánjú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ mi láyà.

Oṣù keje lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà ni mo ṣi ẹsẹ̀ gbé. A lọ síbi ìsìnkú kan ní Mọ̀pà, oòrùn mú, mo mu ìlàjì ìgò malt. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí àyà mi ń lù kì kì kì, òógùn bò mí, inú ń lọ́ mi, mo sì sá lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Inú mọ́tò ni wọ́n tẹ́ mi sí. Kò sí ilẹ̀kùn tó ń dá ṣúgà dúró nínú àpò tuntun yìí; ó já wọ ìfun lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń fa omi ara tẹ̀ lé e. Oríṣi kejì tún wà tó máa ń pẹ́ kó tó dé. Mo mu ẹ̀kọ gbígbóná tó ní ṣúgà láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn wákàtí méjì mo ń gbọ̀n níwájú àwọn ọmọ SS2, mi ò rí ohun tí mo ń kọ sójú pátákó. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ló já wálẹ̀. Mi ò tún mu ẹ̀kọ oníṣúgà láàárọ̀ mọ́.

Oògùn ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Títí ayé ni. Fítámì oníhóró láàárọ̀, áyọ́ọ̀nù ní ọ̀sán, kalisíọ̀mù oní-citrate lẹ́ẹ̀mẹta tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ míligíráàmù 1200 sí 1500, fítámì D, àti abẹ́rẹ́ B12 ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Áyọ́ọ̀nù àti kalisíọ̀mù kì í bára wọn gbé. Wákàtí méjì ló gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Fóònù mi ló ń pè mí sí i. Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, irun mi re, ìdì ìdì ló ń bá ìyarun lọ. Ó ti hù padà.

Mi ò gbọ́dọ̀ lo ibuprofen, diclofenac, piroxicam àti Alábùkún, torí aspirin wà nínú rẹ̀. Wọ́n lè dá egbò sí ibi tí wọ́n ti so ìfun mọ́ àpò. Mo ti sọ fún gbogbo oníkẹ́mísì àdúgbò, nítorí ní tiwa, orí fífọ́ kékeré, Alábùkún ni. Paracetamol ni tèmi. Àgbo náà, mo ti jáwọ́. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìmu omi, mo lọ bá pásítọ̀ wa ní ọ́fíìsì wọn, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní kí n fi fóònù gbààwẹ̀ dípò oúnjẹ, àárọ̀ títí di alẹ́. Mo ṣe é, ó sì le ju bí mo ṣe rò lọ.

Ìwé kan wà lára ògiri yàrá wa, ọkọ mi ló kọ ọ́: bí inú bá ṣàdédé run mí gan-an tí kò sì lọ, kí wọ́n má fún mi ní nǹkan kan, kí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì sọ pé bypass ni mo ṣe. Ìfun lè yọ́ gba àlàfo tí iṣẹ́ abẹ dá sílẹ̀, kó sì lọ́, kódà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Kò tíì ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìwé náà ṣì wà níbẹ̀.

Kílò 84 ni mo wọ̀n ní oṣù tó kọjá. Ìrọ̀rí kan ló kù lórí ibùsùn mi. Mẹ́ta yòókù, àwọn ọmọ ti kó wọn lọ sí yàrá wọn.