Bí mo ṣe ṣe ẹ́ẹ̀tì sí ilé kan ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Iná wà ní ilé náà, kò sì sí ẹ̀rọ tó kọṣẹ́. Ohun tí Màmá onílé torí ẹ̀ ránṣẹ́ pè mí ni pé fíríìjì wọn ń ta àwọn ọmọ. Ọmọ tó bá ti balùwẹ̀ jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù, tó fọwọ́ kan ara fíríìjì, á figbe ta. Tí wọ́n bá sì tan pọ́ǹpù kànga, ẹ̀rọ omi onírin tó wà lẹ́yìnkùlé náà á máa ta wọ́n lọ́wọ́.

"Mo ti ní kí wọ́n máa wọ bàtà kí wọ́n tó pọn omi níbẹ̀, ọkọ mi," ni Màmá wí.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn títí n ó fi parí iṣẹ́. Iná tó ń ta wọ́n yìí náà ló máa ń gbé èèyàn."

Mo pa iná ní ṣéńjóófà, mo fi téstà yẹ̀ ẹ́ wò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú sókẹ́ẹ̀tì. Nínú àwọn kan, wọ́n ti gé wáyà ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà sí ara ẹ̀rọ lọ sínú ilẹ̀, wọ́n ká a sínú ògiri. Nínú àwọn yòókù, wọ́n fi wáyà kékeré kan so ojú níyútírà, ìyẹn ojú tí iná ń gbà padà, mọ́ ojú ẹ́ẹ̀tì. Inú máa ń bí mi bí mo bá rí irú èyí. Ẹni tó ṣe é á sọ pé ibì kan náà ni níyútírà àti ẹ́ẹ̀tì ń lọ. Kò burú, títí di ọjọ́ tí níyútírà bá já lórí òpó tàbí lójú míta. Lọ́jọ́ náà, iná tó gba inú gílóòbù tàbí fáànù kọjá kò ní ríbi padà sí. Wáyà kékeré yẹn ló máa gbà bọ́ sí ara fíríìjì, ara áyọ́ọ̀nù, ara gbogbo ohun onírin tí wọ́n kì bọ sókẹ́ẹ̀tì, fóòtì 230 gbáko. Bírékà kò sì ní já, torí lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́. Mo tú gbogbo rẹ̀ kúrò, mo fa wáyà ẹ́ẹ̀tì tuntun aláwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò dé sókẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan.

Ó ku ọ̀pá tó máa gbé iná wáyà ẹ́ẹ̀tì wọ ilẹ̀. Irin kọnkéré lásán ni mo bá tí wọ́n gún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti dípẹtà. Ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ò sì rọrùn fún iṣẹ́ yìí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àpáta ò jìnnà sókè, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú tán, ilẹ̀ pupa tó bò ó á gbẹ táútáú. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gún ọ̀pá sábẹ́ míta kí wáyà má baà gùn. Èmi yí ilé po ní tèmi. Lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ilẹ̀ ṣì tutù nínú oṣù Kejì. Ibẹ̀ ni mo mú.

Irin tí wọ́n fi bàbà bò ni ọ̀pá tí mo lò, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1.2. Mo gún méjì, mo sì fi bíi mítà 2.5 sáàárín wọn. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, ilẹ̀ kan náà làwọn méjèèjì á jọ máa lò, èkejì ò ní fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò gbé iyọ̀ àti èédú wá, pé bí àwọn àgbà oníṣẹ́ iná ti ń ṣe é nìyẹn. Mo dúpẹ́, mo dá a padà. Iyọ̀ máa ń jẹ́ kí iná wọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òjò á fọ̀ ọ́ lọ, á sì ti jẹ ọ̀pá àti ìdè orí rẹ̀ kó tó lọ. Mo fi kọnkéré ṣe àpótí kékeré yí orí ọ̀pá ká, mo fi ìdérí sí i, kí wọ́n lè máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn náà ni mo wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ́ẹ̀tì máa ń ní irin kékeré méjì: mo gún ọ̀kan sí ọ̀ọ́kán, mo gún èkejì sáàárín, ní nǹkan bí ìdá 62 nínú 100 ọ̀nà náà. Ó mú óòmù 18, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà tó; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó.

Ó dára fún ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí a bá fi 18 pín 230, iná tó lè gba ilẹ̀ lọ kò pé áńpù 13. Bírékà sókẹ́ẹ̀tì wọn jẹ́ áńpù 20. Fíríìjì lè máa da iná sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, bírékà ò ní mira. Ẹni tó bá gún ọ̀pá fún onílé, tí kò sọ èyí fún un, kò ṣe é lóore. Ìdí nìyí tí mo fi ki RCCB oní-mílíáńpù 30 bọ inú bọ́ọ̀dù. Bírékà tó ń ṣọ́ iná tó bá ń jò ni: ó máa ń wo iná tó lọ àti iná tó padà. Bí áńpù 0.03 péré bá sọnù sójú ọ̀nà, á já kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé.

Mo wá so àwọn irin mọ́ra. Mo fi wáyà bàbà oní-10 mm² so páìpù irin tó ti inú kànga jáde àti irin tó gbé táǹkì omi dúró mọ́ ojú ẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo nínú bọ́ọ̀dù. Páìpù rọ́bà kò nílò rẹ̀. Omi kì í ṣàn láàárín ìkòkò méjì tí ojú omi wọn bá dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná kì í gba ara ẹni tó di irin méjì mú bí agbára iná tó wà lára àwọn méjèèjì bá dọ́gba.

Nígbà tí mo tan iná, gbogbo ilé dára. Bí mo ṣe tan pọ́ǹpù, RCCB já. Mo tún un tàn, ó tún já. Inú mi dùn, torí ó ti tọ́ka ibi tí àìsàn wà gan-an. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò bá mi fa pọ́ǹpù sókè, a sì rí ojú ìdè wáyà tí wọ́n fi téèpù lásán wé, tí omi ti wọ̀. Mo gé e, mo tún un so, mo fi rọ́bà tó máa ń sún kì bí iná bá rà á bò ó dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n oníyọ̀ bi mí bóyá àrá ò ní lè ṣe ilé náà ní nǹkan mọ́. Ìbéèrè gidi ni nílẹ̀ Ṣàngó yìí. Mo ní rárá o, ti àrá lọ́tọ̀: bí òjò bá ti ń ṣú, kí wọ́n yọ tẹlifíṣàn lójú iná. Jẹnẹrétọ̀ kékeré wọn náà, mo so ara rẹ̀ mọ́ ẹ́ẹ̀tì, àmọ́ níyútírà ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kì í kan ilẹ̀, nítorí náà mo kìlọ̀ pé kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé RCCB nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

Mo fi bọ́tìnì T tó wà lára RCCB han Màmá, mo ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù, pé bí kò bá já, kí wọ́n pè mí. Ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé ní míta tirẹ̀, ayálégbé tó wà níbẹ̀ ti lọ sí Ìlọrin. Bó bá ti dé, sókẹ́ẹ̀tì tibẹ̀ ni mo máa tú kàn.